Ihò Tó Tó Àtẹ́lẹwọ́

Ní bíi aago mẹ́fà àárọ̀ nínú oṣù Ṣẹẹrẹ, ẹ dúró sí ìkóríta kan ní Manchester tàbí Leeds kí ẹ máa wo ọkọ̀. Kò ní pẹ́ tí ọ̀kan á fi yọ, tí gbogbo gíláàsì rẹ̀ funfun yíká, àfi ihò kan tó tó àtẹ́lẹwọ́ níwájú awakọ̀. Ẹni náà á fọrùn síwájú, á máa yọjú bí ẹni tó ń yọ́ni wò lójú ihò kọ́kọ́rọ́. Kò mutí, kò tòògbé, kì í sì í ṣe òmùgọ̀. Ó ti pẹ́ ni. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó tó ń lọ yóò bẹ̀rẹ̀ ní aago méje, ẹni tó ṣiṣẹ́ òru ń retí rẹ̀ kó wá gba iṣẹ́. Ló bá fi káàdì báńkì ha ìwọ̀nba ibi tí ojú á gbà, ó ní hítà á bá òun yọ́ ìyókù lójú ọ̀nà.

Àwa tí a ti ìlú oòrùn wá ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Nílé, eruku ọyẹ́ àti òjò ni gíláàsì ọkọ̀ mọ̀, wáípà á sì gbá méjèèjì kúrò láìpẹ́. Yìnyín kì í ṣe eruku. Ó ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì bí ìgbà tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, kò sì sí ìdí tí ẹni tó kọ́ ènìyàn ní ọkọ̀ wíwà ní Ìbàdàn á fi kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ihò náà. Ká ní ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20, tí ojú awakọ̀ sì fi sẹ̀ǹtímítà 70 jìnnà sí gíláàsì. Ní mítà 20 níwájú, ohun tí ihò yẹn lè fi hàn án fẹ̀ tó bíi mítà 5.7. Ìyẹn ló ń tan ènìyàn jẹ, torí ó tó fi rí ọ̀nà tí ọkọ̀ ń tọ̀. Ṣùgbọ́n ní mítà 5, nǹkan bíi mítà 1.4 péré ló kù. Ọmọ tó dúró létí títì, ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ tó ń bọ̀ láti apá òsì, ìyá tó ti gbé ẹsẹ̀ kan sójú ọ̀nà: ẹ̀yìn yìnyín ni gbogbo wọn wà. Àárín ojú la fi ń kàwé, etí ojú la fi ń kẹ́fín ohun tó ń rìn bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Etí yẹn gan-an ni ihò gé dànù. Àwọn àgbà ní igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ní ìgboro, igi tó ń gún awakọ̀ lójú sábà máa ń ti ẹ̀gbẹ́ wá.

Àárọ̀ yẹn náà sì ni ọkọ̀ kì í tètè dúró. Highway Code, ìwé òfin ojú pópó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní bí ọkọ̀ bá ń sá máìlì 30 ní wákàtí kan, mítà 23 ló máa gbà kó tó dúró. Mítà 9 á lọ kí awakọ̀ tó ronú kan bíréèkì, mítà 14 á lọ lẹ́yìn tó bá tẹ̀ ẹ́. Ìwé kan náà ní lórí yìnyín, ó lè di ìlọ́po mẹ́wàá. Lọ́jọ́ tó yẹ kí ènìyàn ríran jìnnà jù lọ ló wá ń fi ihò wo ayé.

Ẹlòmíì á ní òun kò ṣe ihò, òun yọ ìdajì, ìdajì tó kù sì fẹ́lẹ́. Ẹ dúró ná kí oòrùn yọ. Oòrùn ìgbà òtútù kì í gòkè, ojú awakọ̀ ló máa ń dojú kọ tààrà. Bí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bá kan yìnyín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn, ó ń fọ́n káàkiri, gbogbo gíláàsì á sì funfun lẹ́ẹ̀kan náà, títí kan ibi tí wọ́n ti ha. Iná ọkọ̀ tó ń bọ̀ níwájú lálẹ́ ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú.

Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá ti bá wa ya nǹkan méjì sọ́tọ̀ tipẹ́: òjò-dídì àti ìrì-dídì. Òjò-dídì ń já bọ́ láti òkè, gbogbo ènìyàn ló ń rí i. Ìrì-dídì ló ń bá ènìyàn lábo, torí kì í kéde. Ẹ wo fóònù lálẹ́, ó ní ìwọ̀n 3 lókè òdo. Ilẹ̀ mọ́, gíláàsì ti dì gbagidi. Fóònù kò purọ́. Afẹ́fẹ́ tó wà ní mítà kan àti díẹ̀ sókè ilẹ̀ ni wọ́n ń wọn, nínú àpótí tó ní ibòòji. Gíláàsì iwájú ọkọ̀ ní tirẹ̀ fẹ̀yìn lélẹ̀, ó kọjú sójú ọ̀run. Bí kò bá sí ìkùukùu lókè tí yóò bò ó, ooru ara rẹ̀ á máa fò lọ, á sì tutù ju afẹ́fẹ́ tó yí i ká lọ títí á fi kọjá òdo. Ìdí nìyẹn tí gíláàsì ẹ̀gbẹ́ tó nàró kì í fi í dì tó ti iwájú, tí ọkọ̀ tó sùn lábẹ́ igi tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri gíga sì lè mọ́ nígbà tí ti aládùúgbò bá funfun.

Nítorí náà, alẹ́ ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ìràwọ̀ bá hàn kedere, tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́, tí fóònù sì ní ìwọ̀n 4 tàbí kó dín, ẹ gbà pé gíláàsì á dì. Ọ̀pọ̀ máa ń gba ènìyàn níyànjú pé kó kọ imú ọkọ̀ sí ìlà-oòrùn kí oòrùn àárọ̀ lè yọ́ ọ. Ìmọ̀ràn ẹni tó ń jí ní aago mẹ́sàn-án nìyẹn. Oòrùn oṣù Ṣẹẹrẹ ní Manchester kì í yọ títí di bíi aago mẹ́jọ, ẹni tó ń jáde láago mẹ́fà kò rí nǹkan kan gbà níbẹ̀. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ fún gbogbo ènìyàn ni ìbòrí: aṣọ tí wọ́n ṣe fún un, tàbí páálí ńlá tó gbẹ, tí ẹ kì etí rẹ̀ méjèèjì mọ́ ilẹ̀kùn kí afẹ́fẹ́ má gbé e lọ. Gíláàsì gbọ́dọ̀ gbẹ kí ẹ tó bò ó. Bí ó bá tutù, páálí á lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ ó sì di ẹni tó ń ha yìnyín, tó tún ń ha páálí. Láàárọ̀, ẹ ká a wọ inú ara rẹ̀ kí ohun tó wà lórí rẹ̀ má dà sórí gíláàsì.

Ọ̀rọ̀ wáípà náà, alẹ́ ló wà. Ẹ pa á kí ẹ tó pa ẹ́ńjìnnì, pàápàá bí ọkọ̀ yín bá ní AUTO tó ń tan wáípà fúnra rẹ̀. Bí rọ́bà wáípà bá dì mọ́ gíláàsì lóru, tí ẹ yí kọ́kọ́rọ́ láàárọ̀, mọ́tò rẹ̀ á fẹ́ gbé apá wáípà, apá náà kò ní lọ. Rọ́bà á ya, tàbí kí fíùsì jó, tàbí kí eyín ibi tí apá wáípà ti gun ọ̀pá rẹ̀ jẹ, kí mọ́tò máa yí kí wáípà máa wò ó. Ẹ lè gbé wáípà dìde lálẹ́ kó má baà lẹ̀. Àwọn ọkọ̀ kan wà tí bọ́nẹ́ẹ̀tì bo ìdí wáípà wọn; ìyẹn ní ipò tí ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé e sí, ìwé ọkọ̀ á ṣàlàyé. Bí ẹ bá ń dá a padà, ẹ má jẹ́ kó gbá gíláàsì.

Ní tèmi o, kì í ṣe yìnyín ló ń jẹ́ kí iṣẹ́ àárọ̀ pẹ́, àìmọ èyí tó yẹ kó ṣáájú ni. Ìṣẹ́jú 10 tó fún ìrì-dídì lásán bí ẹ bá tò ó bó ṣe yẹ. Bí òjò-dídì bá jìn, ẹ kọ́kọ́ lọ wo ẹ̀yìn ọkọ̀: bí ó bá dí ẹnu páìpù èéfín, ẹ gbẹ́ ẹ kúrò kí ẹ tó ṣíná rárá, torí èéfín tí kò rí ọ̀nà jáde lè wọ inú ọkọ̀, gáàsì tó ń pani nínú rẹ̀ kò sì ní òórùn. Lẹ́yìn náà ẹ tan ẹ́ńjìnnì. Ẹ darí gbogbo afẹ́fẹ́ sí gíláàsì iwájú, ẹ tan ooru àti AC papọ̀, ẹ sì tan wáyà gíláàsì ẹ̀yìn. Ẹ pa bọ́tìnnì tó ń yí afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ po, èyí tó ya ọkọ̀ tí ọfà ń yí nínú rẹ̀. Ó ń ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu pé a lè tan AC nígbà òtútù, ṣùgbọ́n òun ló ń fún omi jáde nínú afẹ́fẹ́, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń kán tótó sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ l'Ékòó. Bí òtútù bá pọ̀ jù, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kì í jẹ́ kí AC ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí ooru máa bá a lọ.

Láti òkè ni kí ẹ ti máa bọ̀ nílẹ̀. Orí ọkọ̀ ló ṣáájú, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, kì í ṣe ṣọ́bìrì. Ẹni tó bá fọ gíláàsì kó tó gbá orí ọkọ̀ á fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bọ́nẹ́ẹ̀tì ló kàn, pẹ̀lú ojú ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú. Àwọn tó mọ̀ pé ibẹ̀ ni hítà ti ń mí kò pọ̀. Bí yìnyín bá dí i, fáànù á máa fa afẹ́fẹ́ tó kún fún omi wọlé, inú gíláàsì á sì ṣú bí ojú ìkòkò.

Ìgbà yìí ni kí ẹ fọ́n de-icer, oògùn tó ń yọ́ yìnyín, láti òkè gíláàsì wálẹ̀, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì. Ibí yìí ni sùúrù ti ń tán. Ẹ má dúró wò ó: ẹ lọ nu iná iwájú, iná ẹ̀yìn, nọ́ńbà ọkọ̀, jígí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ má tẹ bọ́tìnnì gíláàsì ẹ̀gbẹ́ bí ó bá dì mọ́ rọ́bà. Mọ́tò á máa fà á, ohun tó so ó mọ́ inú ilẹ̀kùn á já, owó ńlá sì ni àtúnṣe rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá padà dé, yìnyín á ti rọ̀. Ẹ fi skírépà pílásítíìkì tì í lọ sí ọ̀nà kan ṣoṣo, ẹ má fi lu yìnyín, ẹ má sì fi í lọ-bọ̀, torí iyanrìn tó wà lábẹ́ yìnyín ló ń fa ìlà sára gíláàsì. Skírépà alẹ́nu idẹ dára, idẹ rọ̀ ju gíláàsì lọ. Ọ̀bẹ, ṣíbí àti irin kò ṣe é lò. Káàdì báńkì? Òtútù ń sọ ọ́ di gbẹrẹfu, á ṣẹ́, ẹ ó sì dé ilé epo láìní káàdì.

Ọ̀rọ̀ omi gbígbóná ni mi ò lè fi ẹ̀rọ̀ sọ. Gíláàsì iwájú jẹ́ awẹ́ méjì tí wọ́n fi ọ̀rá tó le lẹ̀ pọ̀ láàárín. Bí ẹ bá da omi sísè lé awẹ́ òde tó wà ní ìwọ̀n 4 lábẹ́ òdo, ojú rẹ̀ á fẹ́ gbòòrò lójijì, inú rẹ̀ á ṣì wà ní títutù, gíláàsì kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀. Bí òkúta bá ti ta á rí, tí ojú ibẹ̀ kò ju hóró ẹ̀wà lọ, ibẹ̀ ni ìlà á ti sáré. Ká tilẹ̀ ní kò fọ́, omi náà á ṣàn wọ ìdí wáípà, á ṣàn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, á sì tún dì. Ẹsẹ̀ yín ni á kọ́kọ́ mọ̀, kẹ́tùlù á sì wà lọ́wọ́ yín. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju èyí lọ: ó ń yọ́ yìnyín lóòótọ́, ó sì tún ń fi omi titun sílẹ̀ fún òtútù láti dì.

Bí ẹ kò bá fẹ́ ra de-icer, ẹ lè pò ó nílé. Isopropyl alcohol ìlọ́po méjì sí omi ìlọ́po kan ni ìwọ̀n rẹ̀: mílílítà 400 sí 200 nínú ìgò tó ń fọ́n omi. Ọtí yìí kì í dì títí á fi dé ìwọ̀n 89 lábẹ́ òdo, ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Èyí tí wọ́n kọ 70% sí lára ti ní omi nínú tẹ́lẹ̀, ẹ má wulẹ̀ bù sí i mọ́. Ó ń gbiná, ẹ má fi í sítòsí sìgá tàbí sítóòfù, ẹ má sì fọ́n ọn sínú ọkọ̀. Bí èyí tí ẹ rà bá ní ethylene glycol nínú, ibi gíga ni kí ẹ gbé e sí: ó dùn lẹ́nu, májèlé sì ni fún ọmọdé, ajá àti ológbò.

Kíníkan táwọn ènìyàn fẹ́ràn ni fínígà. Fínígà ilé ìdáná ń dì ní nǹkan bí ìwọ̀n 2 lábẹ́ òdo, bí ẹ bá sì tún fi omi là á, kò ní tó bẹ́ẹ̀. Ní òru tó mú dáadáa, ẹ kàn ń fún yìnyín ní adùn ni. Omi iyọ̀ ń yọ́ yìnyín, ṣùgbọ́n ó ń jẹ irin ọkọ̀. Àwọn kan tún ní kí á fi àlùbọ́sà tàbí ọ̀dùnkún ra gíláàsì lálẹ́. Ohun tó ń fi sílẹ̀ kò ju àbàwọ́n lọ tí iná ọkọ̀ mìíràn á fi máa ràn yín lójú. Ẹ fi àlùbọ́sà sínú ọbẹ̀.

Inú ọkọ̀ ní ìjà tirẹ̀. Èémí, bàtà tó rin, kápẹ́ẹ̀tì tó fa omi láti oṣù tó kọjá: gbogbo rẹ̀ ló ń lọ dì mọ́ inú gíláàsì. Ẹ gbọn ẹsẹ̀ kí ẹ tó wọlé. Ẹ má fi ọwọ́ nu gíláàsì, òróró ara á lẹ̀ mọ́ ọn, ìkùukùu á sì tún padà. Aṣọ gbígbẹ tó mọ́ ni kí ẹ lò. Bí gíláàsì bá ń dì nínú lójoojúmọ́, omi ń wọlé láti ibì kan: ẹ yẹ rọ́bà ilẹ̀kùn wò, ẹ tẹ kápẹ́ẹ̀tì iwájú, kí ẹ sì pààrọ̀ àsẹ́ afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ bí ó bá ti dí. Ìbọ̀sẹ̀ tí ẹ rọ iyanrìn ìgbẹ́ ológbò sí, tí ẹ di ẹnu rẹ̀, tí ẹ gbé sórí dáṣíbọ́ọ̀dù lóru, ń fa omi gan-an. Ó ń pani lẹ́rìn-ín, ó sì ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀pọ̀ ni kò ka òjò-dídì orí ọkọ̀ sí, torí kò dí ojú. Ẹ wo ìwọ̀n rẹ̀. Orí ọkọ̀ kékeré lè tó mítà 2 ní gígùn, mítà 1.5 ní ìbú. Bí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 10 níbẹ̀, ó lè wúwo tó kílò 30. Bí omi bá ti wọ̀ ọ́, ó lè ju 80 lọ. Hítà ń yọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì ní ìkóríta, gbogbo rẹ̀ á yọ̀ wálẹ̀ bo gíláàsì lójijì, wáípà kò sì lè gbé e. Lójú ọ̀nà tí wọ́n ti ń sáré, ẹni tó wà lẹ́yìn ló máa bá. Ní New Jersey, òfin dá owó ìtanràn dọ́là 25 sí 75 lé awakọ̀ tí kò bá kó o kúrò, kó tilẹ̀ tó ṣe ẹnikẹ́ni léṣe.

Ẹ yẹ iná náà wò dáadáa. Gílóòbù àtijọ́ máa ń gbóná, ó ń yọ́ yìnyín ojú ara rẹ̀. LED kì í fi ooru ránṣẹ́ síwájú, yìnyín lè bò ó bí ẹ ti ń wakọ̀ lọ. Kámẹ́rà tó wà lẹ́yìn jígí àárín, èyí tó ń ṣọ́ ìlà ojú ọ̀nà, tó sì lè fa bíréèkì fún yín, gíláàsì kan náà lòun náà ń wò láàárín. Bí yìnyín bá bò ó, kò ní ràn yín lọ́wọ́.

Ní ti òfin, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò lọ́jú pọ̀. Òfin 229 nínú Highway Code ní dandan ni kí ẹ ríran, kí ẹ kó òjò-dídì àti yìnyín kúrò lórí gbogbo gíláàsì yín. Ó ní gbogbo, kò ní ti iwájú nìkan. Iná gbọ́dọ̀ mọ́, nọ́ńbà gbọ́dọ̀ ṣeé kà. Ẹni tí kò bá ríran délẹ̀ lè gba póíǹtì 3, ìyẹn àmì ẹ̀ṣẹ̀ ojú ọ̀nà, sórí láísẹ́ǹsì. Bí wọ́n bá kà á sí ìwakọ̀ láìbìkítà, 3 sí 9 ni. Ẹ wá fi èyí wé ipò ọ̀pọ̀ nínú wa: láísẹ́ǹsì Nàìjíríà wúlò fún oṣù 12 péré lẹ́yìn tí ènìyàn bá fìdí kalẹ̀ síbẹ̀, lẹ́yìn náà ó gbọ́dọ̀ yege ìdánwò tiwọn. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yege, bí póíǹtì rẹ̀ bá pé 6 láàárín ọdún méjì, wọ́n á gba láísẹ́ǹsì náà, á sì tún ìdánwò ìwé àti ti ojú ọ̀nà ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Oníṣẹ́ ìtọ́jú tó ń ti ilé arúgbó kan bọ́ sí òmíràn kò lè fi bọ́ọ̀sì ṣe iṣẹ́ yẹn.

Highway Code kan náà ni kò fẹ́ kí ẹ fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ ní títan lójú títì gbangba kí ẹ wọlé lọ mu tíì. Àwọn olè mọ àárọ̀ tó dì ju awakọ̀ lọ: wọ́n ń rìn kiri àdúgbò, wọ́n ń wo ibi tí èéfín ti ń jáde tí kò sí ènìyàn nítòsí. Bí wọ́n bá gbé ọkọ̀ tí kọ́kọ́rọ́ wà nínú rẹ̀, ilé iṣẹ́ ìṣúránsì lè kọ̀ láti san kọ́bọ̀. Ẹ dúró tì í. Iṣẹ́ tí mo sọ lókè wọ̀nyẹn á gbà yín ní ọwọ́.

Ó lè mọ́ kí ẹ tó gbéra, kó sì tún dì lójú ọ̀nà. Ohun tó sábà ń fà á ni omi wáípà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ láti fọ ẹrẹ̀, atẹ́gùn ìsáré gbá a, ó sì dì pẹrẹsẹ lójú yín ní máìlì 40. Screenwash ìgbà òtútù kì í ṣe ti ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ ka ara ìgò rẹ̀ kí ẹ mọ ìwọ̀n omi tí òtútù àdúgbò yín gbà, kí ẹ má sì tẹ̀ ẹ́ títí gíláàsì á fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bí ó bá ti dì, ẹ má tún un tẹ̀. Ẹ dín ìsáré kù, ẹ tan iná tó ń ṣẹ́jú, ẹ yà síbi tó láàbò, kí ẹ sì ha á. Skírépà náà, ẹ má kó o sí búùtù, torí òun náà lè dì pa. Àpò ilẹ̀kùn awakọ̀ ni kó wà lójú ọ̀nà. Lálẹ́, kí ó bá yín wọlé.